Ṣé dandan ni ká gba pámíìtì lọ́wọ́ ọlọ́pàá ká tó ṣe ìwọ́de ní Òṣogbo? Tí wọ́n bá sì dí Ọláìyá, ta ni kí èmi tí mò ń tajà mú?

Ẹlẹ́ja_Ọláìyá

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Mo ní ìbéèrè, ó gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ẹja tútù ni mò ń tà, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí oríta Ọláìyá. Ẹni tó bá mọ Òṣogbo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pàdé, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Gbọ̀ngán, ẹni tó ń lọ Òkè-Fíà, ẹni tó ń lọ Old Garage, ibẹ̀ náà ni gbogbo wa jọ ń gbà. Torí ẹ̀ ni ìwọ́de kankan kì í fi í wáyé nílùú yìí kó má kan ilẹ̀kùn tèmi.

Ní báyìí àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì ní àwọn fẹ́ jáde lórí owó iná àti ọ̀wọ́n gógó. Èmi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ò dáa o. Ní oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n fowó kún iná Band A, ìyẹn àwa tó yẹ kí iná wa máa pẹ́ jù lójúmọ́, náírà 68 là ń san tẹ́lẹ̀ lórí yúníìtì kan, wọ́n gbé e lọ sí 225 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi tó jẹ́ pé fíríísà ni gbogbo iṣẹ́ mi, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé pátákó dání tí kì í bá ṣe èmi? Ṣùgbọ́n bàbá wa yarí pé àwọn ò fẹ́ gbọ́, wọ́n ní ìwọ́de tí ọlọ́pàá ò bá fún ní pámíìtì, jàgídíjàgan ni, wọ́n á kó ọmọ náà lọ ni, àwọn ò sì ní bá ẹnikẹ́ni lọ sí téṣàn. Ọkọ mi ní tiẹ̀ ní ká fi ti pámíìtì sílẹ̀, pé tí wọ́n bá tún dínà mọ́ mi kí n gbé wọn lọ sí kóòtù.

Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ìgbà kan wà tí àwọn kan fi táyà àti igi dí oríta látàárọ̀, iná ò sí lọ́jọ́ náà, epo tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ tán, ọmọ tí mo rán lọ ra epo ò rí ọ̀nà padà. Nígbà tí mo máa ṣí fíríísà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, omi ẹ̀jẹ̀ ti kún ìsàlẹ̀ ẹ̀, páálí titus ti rọ̀ ó ń ya lọ́wọ́ mi, kòtè yẹn gan-an tí mo bá fìka tẹ̀ ẹ́, ibi tí mo tẹ̀ ń dá kòtò síbẹ̀ ni, kì í padà sípò mọ́. Mo tà á láàbọ̀ owó fún àwọn tó ń yan ẹja, èyí tó kù mo dà á nù. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó dínà tó mọ̀ mí rí, bẹ́ẹ̀ torí mi ni wọ́n ní àwọn ṣe ń jà.

Torí náà ẹ dá mi lóhùn. Ṣé pámíìtì pọn dandan àbí kò pọn dandan? Tí wọ́n bá sì ní ẹ̀tọ́ láti jáde, ṣé ẹ̀tọ́ yẹn kan kí wọ́n ti ọ̀nà mọ́ èmi tí mò ń wá oúnjẹ òòjọ́? Ẹ má bú mi o, ìbéèrè ni mo béèrè.

Akọ̀wé_Kóòtù

Ẹ kú ọjà o, Ìyá Ẹlẹ́ja, àwọn oníbàárà á wá o. Mi ò kí ń ṣe lọ́yà, àmọ́ kóòtù ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nǹkan tí mo bá sì mọ̀ níbẹ̀ ni mo máa sọ.

Ẹ má dá Bàbá lẹ́bi rárá. Ohun tí wọ́n sọ yẹn fìgbà kan rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1979 ni àwọn ológun gbé òfin kan jáde tó ń jẹ́ Public Order Act, òfin yẹn ló ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìpéjọ tàbí ìwọ́de lọ gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ gómìnà, tí gómìnà náà sì lè gbé agbára yẹn lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ohun tí gbogbo wa bá láyé nìyẹn, ó sì ti wọ àwọn àgbà lára. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án 2003 ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP pe ìpéjọ ní Kánò láti fẹ̀hónú hàn lórí ìbò ọdún yẹn, ọlọ́pàá lọ tú wọn ká. Ẹgbẹ́ ọ̀hún àti àwọn míì gbé ọlọ́pàá lọ sí Federal High Court l'Ábùjá, wọ́n borí ní 2005. Ọlọ́pàá ò gbà, wọ́n pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ní 2007 wọ́n tún pàdánù. Adájọ́ ní ibi tí òfin ológun yẹn ti ń béèrè ìwé àṣẹ ò lè bá ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbé pọ̀, torí abala 39 ti fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu ẹ̀, abala 40 sì ti ní kí àwọn èèyàn kó ara wọn jọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí òfin ńlá bá ti fún ní nǹkan, kò tún yẹ kó máa lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá téṣàn kó tó lò ó.

Èyí tó tún wá dùn mọ́ mi nínú ni Police Act tí wọ́n ṣe ní 2020. Abala 83 níbẹ̀ sọ pé tí ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan bá fi tó ọlọ́pàá létí pé àwọn fẹ́ gba títì ọba, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kó òṣìṣẹ́ wá láti dáàbò bo ìpéjọ náà ni. Ẹ wo bó ṣe yí padà, tẹ́lẹ̀ ẹ máa ń tọrọ, ní báyìí ẹ kàn máa sọ fún wọn ni, iṣẹ́ á sì bọ́ sí wọn lọ́rùn. Torí náà kí àbúrò yín àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ lẹ́tà, ọjọ́, àkókò, ibi tí wọ́n ti máa gbéra, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, nọ́ńbà ẹni mélòó kan tó ṣáájú. Kí wọ́n gbé e lọ fúnra wọn kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu ẹ̀dà kejì, kó fi déètì sí i. Ẹ̀dà yẹn ṣe pàtàkì ju mẹ́gáfóònù lọ.

Ti ìbéèrè yín kejì le díẹ̀, màá padà wá síbẹ̀, ọmọ-ọmọ mi ń sunkún.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ẹ kú iṣẹ́ Bàbá, òfin yẹn dùn létí. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tòótọ́ fún màmá ẹlẹ́ja, ẹ má bínú o. Tí wọn ò bá rí wa, wọn ò ní gbọ́ wa. Tí a bá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni ń dúró de kẹ̀kẹ́, táa gbé pátákó dání, ta ló fẹ́ wo wa? Ẹ rántí oṣù kẹwàá 2020 nígbà EndSARS, tí a ní kí wọ́n tú ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ká torí ìwà ìkà wọn, Ọláìyá yẹn náà la wà, gómìnà fúnra wọn wá bá wa níbẹ̀. Ìgbà wo ni gómìnà ti fẹsẹ̀ ara wọn wá bá ọmọ tálákà lóríta rí? Torí pé ọ̀nà dí ni. Ẹja yín bà jẹ́, ó dùn mí dọ́kàn, àmọ́ owó iná gan-an ló ń ba ẹja yín jẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ìwọ́de kankan, ẹ ò sì gbé ìyẹn lọ kóòtù.

Àlàáfíà_Ló_Jù

@Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun o dé ibi tó dùn nínú ìtàn yẹn o wá dákẹ́. Gómìnà wá bá yín lóòótọ́, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà, kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ṣé kì í ṣe òkúta àti igi ni wọ́n fi lé wọn? Ṣé kì í ṣe mọ́tò wọn ni wọ́n fọ́? Ìjọba wá kéde kónílé-ó-gbélé, gbogbo wa jókòó sílé à ń wojú ara wa. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti já ilé ìkẹ́rùsí l'Ẹ́dẹ, wọ́n ń gbé ìrẹsì àti indomie sórí, àwọn tí ò mọ nǹkan tí SARS jẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo gbà pé òfin fún yín lẹ́tọ̀ọ́, àmọ́ òfin náà kọ́ ló máa tún gíláàsì ṣọ́ọ̀bù mi ṣe. Tó bá jẹ́ tèmi, kí pámíìtì wà, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ síwèé pé tí nǹkan bá bà jẹ́ òun ni ká mú. Ìwé òfin tí ẹ ń kà yẹn náà, abala 45 wà níbẹ̀, ó ní ìjọba lè ṣòfin tó máa dín ẹ̀tọ́ wọ̀nyẹn kù torí ààbò ìlú. Kí ló dé tí ẹ ò ka ìyẹn?

Akọ̀wé_Kóòtù

Mo ń bọ̀ níbẹ̀, ẹ kánjú jù.

Abala 45 wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán. Ó ní òfin tó máa dín ẹ̀tọ́ kù gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó tọ́ láwùjọ ìjọba tiwa-n-tiwa. Àwọn ọlọ́pàá gbé abala yẹn kalẹ̀ níwájú adájọ́, kò gbà wọ́n, torí kóòtù ní Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn, ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá da ìlú rú. Ìyẹn ni pé ẹni tó sọ òkúta, òun ni kí ẹ mú. Ẹ ò lè torí pé ẹnì kan lè sọ òkúta lọ́la kí ẹ ní kí gbogbo ìlú má jáde lónìí. Ti pé kí ẹnì kan fọwọ́ síwèé fún ohun tí ẹlòmíì bá bà jẹ́, kò sí adájọ́ tó máa gba ìyẹn, olúkálukú ló ń jẹ́ ẹjọ́ ara ẹ̀.

Ẹ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó èèyàn láìwo ojú. Lẹ́yìn ìwọ́de oṣù kẹjọ 2024, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, wọ́n kó èèyàn 76 wá sí Federal High Court l'Ábùjá, ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba wà nínú ohun tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀, ẹ̀sùn tí ikú lè ti ibẹ̀ wá. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ebi ti hàn wọ́n léèmọ̀, àwọn mélòó kan ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù, gbogbo ayé rí fídíò ẹ̀. Ààrẹ fúnra wọn ló wá pàṣẹ kí wọ́n tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Àlàáfíà wo nìyẹn?

Wàyí o, Ìyá Ẹlẹ́ja. Abala 45 kan náà yẹn sọ pé a lè dín ẹ̀tọ́ ẹnì kan kù láti fi dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹlòmíì. Ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́, abala 41 ló ní kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ máa bọ̀ bó ṣe wù ú. Nígbà tí èrò bá ń rìn kọjá, tí ọkọ̀ dúró díẹ̀, ìwọ́de nìyẹn, kò sí bí ẹsẹ̀ ẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe máa gba títì kí mọ́tò má dúró. Ṣùgbọ́n kí èèyàn to igi àti táyà jọ látàárọ̀ dalẹ́ kó sì dáná sí i, mi ò rí i nínú abala 40. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gan-an tí wọ́n ní agbára ìyanṣẹ́lódì, òfin tí wọ́n tún ṣe fún wọn ní 2005 kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ dí títì ọba mọ́ aráàlú.

Ti kóòtù tí ọkọ yín sọ, láyé àtijọ́ ẹ ò lè dá irú ẹjọ́ yẹn pè, Attorney-General, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, ló máa bá yín pè é torí pé ìnira gbogbo ìlú ni. Supreme Court ti yí ìyẹn padà ní 1991 nínú ẹjọ́ Adediran àti Interland, níbi tí àwọn ará àdúgbò kan ti pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́jọ́. Ẹ lè pè é fúnra yín báyìí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé orúkọ ta lẹ máa kọ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́? Ẹni tó ju táyà sílẹ̀ ti lọ. Owó lọ́yà á sì ju owó ẹja lọ.

Tíṣà_Àgbà

Mo ti ń ka gbogbo yín láti òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi tèmi sí i.

Olùkọ́ ni mí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san ààbọ̀ owó oṣù fún wa ní ìpínlẹ̀ yìí, láti 2015. Àwa tí a wà ní ipele 12 sókè, ìdajì ni wọ́n ń san, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ń lọ yá gààrí ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ tó kọ́. A ṣe ìwọ́de, a ò dí títì kankan. A wọ aṣọ wa dáadáa, a rìn létòlétò, a kọrin, a fún wọn ní lẹ́tà, wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó di 2018 kí owó tó padà pé. Torí náà ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ ti ń bọ̀, mi ò ní bú ẹ.

Àmọ́ mo fẹ́ kí o ronú sí i dáadáa. Ní Abẹ́òkúta ní 1947 àwọn obìnrin ọjà ní àwọn ò san owó orí mọ́, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú wọn. Ìjọba òyìnbó kọ̀ láti fún wọn ní pámíìtì, àní pámíìtì tí à ń jà lé lórí yìí náà, màmá yẹn wá ní kò burú, àwọn ò ṣe ìwọ́de, fàájì làwọn ń lọ ṣe níta. Gbogbo ọjà tú jáde lọ ṣe fàájì. Ibo ni wọ́n wá lọ? Wọn ò lọ dínà mọ́ ẹni tó ń ru iṣu wọ̀lú. Ààfin ni wọ́n lọ, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n sun síbẹ̀, wọ́n ń fi orin bú Aláké láti alẹ́ mọ́júmọ́, nígbà tó di oṣù kìíní 1949 Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè ni wọ́n jókòó sí. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà náà, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ Yorùbá tó dìde torí owó orí, ní 1968 sí 69, bí wọ́n ṣe le tó yẹn, tí wọ́n ní òkè mẹ́fà (ọgbọ̀n ṣílè) làwọn máa san lówó orí, ọ̀dọ̀ agbowó-orí àti ìjọba ni wọ́n dojú ìjà kọ. Ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀, mi ò ní kí ẹ lọ ṣe bíi tiwọn o, àmọ́ wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà.

Ní Òṣogbo yìí, ta ló ń gbé Ọláìyá? Ẹlẹ́ja, ẹni tó ń ta fóònù, ẹni tó ń ta búrẹ́dì, awakọ̀. Ìjọba wà ní Àbẹ̀rẹ̀. Sẹkitéríàtì wà níbẹ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wà níbẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí ìjọba bá jẹ wá ní gbèsè, ìyá ẹlẹ́ja là ń lọ jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ẹ kú iṣẹ́ sà, ti Abẹ́òkúta yẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ Àbẹ̀rẹ̀ jìnnà sà! Tí a bá fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, tajútajú ni wọ́n máa fi kí wa káàbọ̀ lẹ́nu géètì, kò sí ojú àwọn èèyàn níbẹ̀, ohun tí wọ́n bá ṣe fún wa, àwa àti Ọlọ́run ló máa mọ̀ ọ́n. Ní Ọláìyá gbogbo èèyàn ló ní fóònù lọ́wọ́, ẹni tó wà lókè bíríìjì gan-an á ká a sílẹ̀. Ojú èrò yẹn ni ààbò wa. Owó iná náà, ìjọba àpapọ̀ ló fi kún un, kì í ṣe Àbẹ̀rẹ̀, ṣé ká wá rìn lọ Àbújá ni?

Márúwá_Sábó

Ẹ jẹ́ kí àwa náà sọ̀rọ̀ o, torí àwa la máa ń wà lójú títì. Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà.

Èmi ò ní wàhálà pẹ̀lú ìwọ́de. Ẹ bá mi rìn, mo máa pa kẹ̀kẹ́ mi, mo tún lè bá yín pariwo, epo tí mò ń rà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní oṣù karùn-ún 2023 kò tó igba náírà lítà kan, ẹ wo iye tí à ń rà á báyìí. Ohun tó ń bí mi nínú ni èyí tí mo rí nígbà kan, àwọn géńdé mélòó kan jókòó sórí àga ike ní àárín títì, ọ̀kan fi igi gbọọrọ dábùú ọ̀nà, mo dé ibẹ̀ mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́ aláboyún ni mo gbé, ó ní "ẹgbẹ̀rún kan". Mo ní ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń jà fún wa ni, ó ní òun náà fẹ́ jẹun. Obìnrin yẹn ló yọ owó lápò, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sí pátákó kankan lọ́dọ̀ wọn, kò sí ẹni tó ń kọrin, àwọn tó ń ṣe ìwọ́de gan-an ti lọ sílé tipẹ́. Ṣẹ́ ẹ rí i, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kì í pa á dé, wọ́n á fi oríta sílẹ̀ fún ẹni tó bá bá a níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló fà á tí ìyá ẹlẹ́ja fi ń bínú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin rárá.

Àlàáfíà_Ló_Jù

Márúwá o ṣeun!! Ohun tí mo ń sọ látẹ̀yìn wá nìyẹn.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Rárá, ohun tí o ń sọ ni ká tọrọ àyè. Òun ní ká má gbowó lọ́wọ́ aláboyún. Ọ̀tọ̀ ni.

Àǹtí_Alẹ̀kúwodò

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo fẹ́ padà sórí ohun tí bàbá ẹlẹ́ja sọ, pé àwọn ò ní bá ẹnikẹ́ni lọ sí téṣàn. Ẹ bá mi bẹ Bàbá. Torí mo ti lọ rí, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbé e níbi ìwọ́de, kò gbé nǹkan kan dání ju ike omi lọ. Mo dé káńtà, ìwé kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ti kọ tán, wọ́n ní kó kàn fọwọ́ sí i. Mo ní kó kà á sókè kí n gbọ́. Ìlà kẹta, "èmi àti àwọn tí mo kó jọ". Ta ló kó jọ? Ọmọ tí kò lè kó àwọn àbúrò ẹ̀ jọ láti fọ abọ́! Mo ní kò ní fọwọ́ sí i títí lọ́yà á fi dé. Wọ́n bínú, wọ́n ní kí n jáde, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta.

Torí náà ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn fún àbúrò yín. Abala 35 ìwé òfin, ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí tó fi máa bá lọ́yà ẹ̀ tàbí ẹnikẹ́ni tó bá fọkàn tán sọ̀rọ̀. Abala kan náà ní tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà ogójì, kí wọ́n gbé e débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, Òṣogbo sì rèé, kóòtù pọ̀ níbí ju ilé oúnjẹ lọ. Béèlì ọ̀fẹ́ ni, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri, ẹni tó bá béèrè owó, ẹ ní kó fún yín ní rìsíìtì. Tí wọn ò bá sì rí ọmọ náà, wọn ò gbọ́dọ̀ wá gbé ẹ̀yin tàbí Bàbá dípò ẹ̀, Police Act 2020 kọ ìyẹn. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè kàn sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Kó há nọ́ńbà fóònù ẹnì kan sórí, torí wọ́n á gba fóònù ẹ̀.

Ohun tó bá ń gbé sórí WhatsApp àti Facebook náà, kó ṣọ́ra. Cybercrimes Act, òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, wà níbẹ̀, wọ́n tún un ṣe díẹ̀ ní 2024, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi gbé èèyàn torí ohun tó kọ.

Ẹlẹ́ja_Ọláìyá

Ọlọ́run á san yín lẹ́san gbogbo yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá wa, mo fi ohùn ka èyí tí Akọ̀wé Kóòtù kọ lẹ́ẹ̀mejì, ti 1979 yẹn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n mi orí, wọ́n ní "èmi náà sọ pé mo mọ̀ ọ́n". Wọn ò tíì gbà, àmọ́ wọn ò pariwo mọ́.

Mo pe àbúrò mi, a jọ sọ̀rọ̀. Mo ní èmi náà máa bá wọn jáde, bẹ́ẹ̀ ni, ìwé owó iná mi ni mo máa lẹ̀ mọ́ pátákó, kí wọ́n rí i. Mi ò ní gbé táyà, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé táyà níwájú mi. Mo ní kí wọ́n kó ara wọn jọ ní Freedom Park ní Old Garage, kí wọ́n rìn gba Ọláìyá kọjá kí àwọn tó ní fóònù rí wọn bí ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe wí, kí wọ́n má jókòó síbẹ̀ o, kí wọ́n kọjá lọ sí Àbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan títì ni kí wọ́n gbà, kí ẹ̀gbẹ́ kejì wà fún ọkọ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí owó iná bá jẹ́ ti Àbújá, ṣé àwọn aṣòfin wa níbí ò lẹ́nu ni? Kí wọ́n gba lẹ́tà náà kí wọ́n sì sọ fún wa lójú ayé ibi tí wọ́n máa gbé e dé.

Lẹ́tà tí wọ́n máa fún ọlọ́pàá, ó ti kọ ọ́, ó kún fún gẹ̀ẹ́sì ńláńlá, mo ní kó gé e kúrú. Akọ̀wé Kóòtù, ṣé mo lè fi ránṣẹ́ sí yín kí ẹ wò ó kó tó gbé e lọ?

Akọ̀wé_Kóòtù

Ẹ fi ránṣẹ́. Kó yọ orúkọ gómìnà kúrò níbẹ̀ tó bá wà níbẹ̀, lẹ́tà ìfitónilétí ni, kì í ṣe ìwé ẹ̀sùn.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ẹ̀gbẹ́ kan títì kẹ̀! Màmá, ẹ̀ ń bá wa dúnàádúrà bí ẹni ń ra ẹja. Ó dáa, mo gbà, àmọ́ ta ló máa dúró sáàárín láti ya ọkọ̀ sọ́tọ̀? Tí ọkọ̀ kan bá lọ gbá ọmọ ènìyàn, àwa náà ni wọ́n máa mú.

Márúwá_Sábó

Àwa ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lè to kẹ̀kẹ́ sáàárín láti Old Garage dé Ọláìyá, a mọ bí a ṣe ń ṣe é tí a bá ń sìnkú ọmọ ẹgbẹ́ wa. Kí wọ́n sọ ọjọ́ fún wa ṣáájú, kó má jẹ́ ọjọ́ Friday tí gbogbo èèyàn ń lọ kírun, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé igi dábùú ọ̀nà lẹ́yìn tí a bá ti kọjá. Èyí tó bá gbé e, èmi fúnra mi ni mo máa fa igi náà kúrò.

Àlàáfíà_Ló_Jù

Èmi á ti ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà ṣá o. Ẹ má bínú sí mi.

Ẹlẹ́ja_Ọláìyá

Ẹ tì í, kò sí ìjà. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tèmi á wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi, epo á kún jẹnẹrétọ̀ láti àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàwà kó tètè wá, torí mi ò ní sí níbẹ̀ láti dín owó fún ẹnikẹ́ni.